Ẹni Tó Jí Dísìkì Torkild

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, èémí mi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ tó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí jáde lónìí, kó má bàa bá mi wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ pè mí sí ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ yín tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kí èmi Vagn Damsbo wá sọ ìtàn Ravn, ètò kọ̀ǹpútà wa, fún yín, bí a ṣe ṣe é lókè ilé oníbúrẹ́dì níbí ní Silkeborg, bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Denmark, àti bí ó ṣe kú. Ẹ ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wa àtijọ́ sórí tábìlì yẹn, ẹ nu eruku ara rẹ̀, ẹ kọ orúkọ mi síwájú rẹ̀. Ẹ ṣeun. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ bá mi yọ orúkọ náà kúrò. Mo ti ka ìwé kékeré tí ẹ tẹ̀ jáde. Ní ojú ewé kẹsàn-án, ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Torkild Mejdahl ló gbàgbé dísìkì tí Ravn wà nínú rẹ̀ sínú rélùwéè, tí àwọn aṣàdàkọ, àwọn tó ń da ètò kọ̀ǹpútà kọ láìrà á, rí i he, tí Ravn sì tibẹ̀ kú. Àní nínú ẹgbẹ́ yín yìí, tí ẹnìkan bá fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n á ní, "Wo abẹ́ àga ẹ dáadáa o, má lọ ṣe Torkild." Mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti bá yín rẹ́rìn-ín sí i. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á, èmi ni mo pa á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, dókítà sì ti bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà tó fi yé mi pé kí n má wulẹ̀ dààmú lórí igi Kérésìmesì ọdún yìí. Torkild ṣì wà láàyè. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wá.

Ní ọdún 1990, èèyàn márùn-ún péré ni wá. Ingelise Rahbek ni ọ̀gá wa. Èmi àti ẹ̀ jọ kàwé ní Aarhus, a sì mọwọ́ ara wa. Òun ló rò ó pé ó yẹ kí àwa náà ní ètò tiwa tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, èyí tí ọmọ iléèwé yóò tàn, tí yóò bá èdè tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn fèrèsé kéékèèké tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì, kì í ṣe ojú dúdú tí ọmọ yóò máa kọ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sí. Ó sọ ọ́ ní Ravn, kannakánná, ó ní ẹyẹ tó gbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni. Èmi ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ti Torkild ni láti yẹ ohun tí mo kọ wò, kó wá ibi tó ti máa dàrú kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa rà á. Láràárọ̀ ló máa ń wọ rélùwéè láti Skanderborg wá, á gbé báàgì aláwọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, á to pẹ́ńsù mẹ́rin sórí tábìlì, á wá ní, "Vagn, mo tún ti bà á jẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí." Màá ní, "Kí lo tún fi ṣe é?" "Mi ò fi nǹkan kan ṣe é. Mo kàn kọ lẹ́tà sí ìyá ìyàwó mi, Ravn sì gbé e mì." "Bóyá lẹ́tà yẹn ló burú." "Lẹ́tà ò burú, ìyá ìyàwó mi ló burú." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Àṣìṣe kan wà nínú Ravn nígbà yẹn tí mi ò tíì tún ṣe. Bí dísìkì bá ti kún, ètò náà á pa ohun tí èèyàn kọ́kọ́ fi síbẹ̀ rẹ́ láìsọ fún un. Torkild ló rí i. Ó kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìwé, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà gbé ètò tiwọn tuntun jáde, tòun ti fèrèsé. Kó tó di ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó ti dé ibi gbogbo. Mo ń rí i lọ́dọ̀ dókítà eyín mi, mo ń rí i lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rà á. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, mo ní, "Ingelise, ká gbé tiwa jáde. Kó tó di oṣù kẹta tí ò ń wí yìí, wọ́n á ti jẹ wá tán." Ó ní, "Kò tíì ṣetán. Oṣù kẹta ni ìgbìmọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa jókòó, oṣù kẹta la máa gbé e lọ." Mo ní, "Ṣé o rò pé rírà ni àwọn èèyàn ń ra ti Amẹ́ríkà yẹn? Wọ́n ń dà á kọ ni! Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lò nílé ló máa ní kí wọ́n rà á sí ọ́fíìsì. Àdàkọ ló ń bá wọn polówó. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn da tiwa náà kọ." Ingelise gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Vagn, erin lè máa ṣẹ̀jẹ̀ kó sì máa rìn lọ. Ológbò ni wá." Torkild ní búrẹ́dì dúdú lẹ́nu, ó gbọ́wọ́ sókè. "Èmi fara mọ́ ológbò," ló wí. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí a fi jẹun tán. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé mo gbà nínú ọkàn mi pé èmi nìkan ni mo rí ohun tó ń bọ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Èmi àti Ingelise ti fi nọ́ńbà pa mọ́ sínú Ravn kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo dábàá rẹ̀. Mo ní bí ọ̀kan bá jáde, ká lè mọ ọwọ́ tó ti jáde. Tirẹ̀ ní nọ́ńbà kìíní, tèmi ní ìkejì, ti Torkild ní ìkarùn-ún. Kò sí nínú àwọn mẹ́ta yòókù tó mọ̀. Torkild tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára dísìkì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kò mọ̀ pé èmi ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Jytte Holmgaard. Ilé ìkàwé kan ní Viborg ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó máa ń hun súwẹ́tà ní gbogbo ibi tó bá jókòó sí, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó jáde ní Yúróòpù tí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ogójì èèyàn ló ń bá a pààrọ̀ dísìkì nípa lẹ́tà, láti Norway dé Hungary. Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa ojú sítáǹbù kí lẹ́tà tó lọ. Tó bá dé, ẹni tó gbà á á rẹ sítáǹbù náà sómi, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ á bá gọ́ọ̀mù lọ, sítáǹbù á mọ́ bí tuntun, á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Jytte máa ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé pé, "Má jẹ sítáǹbù mi o." Ó ní ọ̀kan wà tó ti lọ sí Bergen lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Èmi náà máa ń gba dísìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan kan láti fún un rí, ó sì máa ń sọ ọ́ sí mi lára. "Vagn, ọwọ́ òfo lo tún gbé wá? Ìwọ kàn máa ń jẹ tẹni ni." Ó wù mí kí n mú nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹnu rẹ̀ wọhò. Ẹ rí i, mo lè sọ fún yín pé nítorí Ravn ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Òótọ́ ni. Ìgbéraga yìí náà wà níbẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Lọ́fíìsì wa, gbogbo wa là ń fọ ife kọfí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá pẹ̀lú. Lọ́jọ́ yẹn, ó kan Torkild. Mo rí i tó fi dísìkì rẹ̀ sínú àpò inú báàgì, tó fa síìpù rẹ̀, kó lè lọ bá iṣẹ́ nílé. Ó wá kó ife, ó wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn. Àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra àkàrà òyìnbó. Dísìkì tèmi wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fẹ́ mú lọ bá Jytte. Mo wò ó, mo sì rántí nọ́ńbà kejì tó wà nínú rẹ̀. Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sì tì í. Mo wá fa síìpù báàgì Torkild. Mo ń gbọ́ ọ tó ń súfèé, mo ń gbọ́ ife tó ń kan ife nínú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé tirẹ̀ ló sún mọ́ mi ni mo ṣe mú un. Rárá o. Mo mú tirẹ̀ kó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n máa bá bí ọ̀ràn bá dé. Dísìkì náà nìyí nínú àpòòwé. Ẹ gbé e yíká. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lára rẹ̀, ó kọ "T. Mejdahl", ó tún kọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà" sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpàdé àwọn aṣàdàkọ wà ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Randers. Tábìlì kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Amiga wà lápá kan, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Atari wà lápá kejì, wọ́n ń bú ara wọn láti òwúrọ̀. "Ẹ̀rọ tìẹ yẹn, ṣé o fi ń ṣiṣẹ́ ni àbí o fi ń dá ilẹ̀kùn dúró?" "Ilẹ̀kùn tiwa ṣì ń ṣí, ẹ̀rọ tiyín ti kú láti òwúrọ̀!" Jytte jókòó láàárín wọn, ó ń hun súwẹ́tà. Mo gbé dísìkì síwájú rẹ̀. Ó wò ó. "Kí nìyí?" "Ravn." Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. "Ravn ti Ingelise? Ṣé ó ti parí ni?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ó ní, "Díẹ̀ yẹn ló máa ń pa èèyàn. Ọ̀gá yín ńkọ́, ṣé ó mọ̀?" Mo ní ó mọ̀. "Ta ni T. Mejdahl?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló ní kí n mú un wá. Ó da tirẹ̀ kọ, ó dá dísìkì náà padà fún mi, ó sì dìde láti kí mi, ó gbá mi lẹ́yìn. Inú mi dùn. Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ravn fò lóòótọ́. Kó tó di Kérésìmesì ó ti dé ọwọ́ ìdajì àwọn olùkọ́ Jutland. Ní oṣù kìíní, Jytte kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, torí mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi máa rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nílé. Torkild ló kó lẹ́tà wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé tèmi sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Vagn, kí ló ṣe sítáǹbù yìí? Ó ń dán bí ojú ẹja ṣáwá." Mo ní òjò ni. Ó ní, "Òjò wo ló ń dán báyìí? Jọ̀ọ́, fún mi, Bodil ìyàwó mi ń kó sítáǹbù jọ." Mo ya á fún un kíá, kó má bàa béèrè nǹkan mìíràn. Ó dúpẹ́, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Ó gbàgbé, kò mú un lọ sílé.

Àṣìṣe tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ń fi Ravn tí kò tíì jiná kó iṣẹ́ àwọn ọmọ pa mọ́, dísìkì ń kún, Ravn sì ń pa á rẹ́. Ní Holstebro, obìnrin olùkọ́ kan pàdánù àròkọ odidi ọdún kan tí kíláàsì rẹ̀ kọ fún ìdánwò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ pé Ravn ń jẹ iṣẹ́ ọmọ. Nígbà tí oṣù kẹta pé, Ravn tó jiná tó dára ni Ingelise gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Mo ti tún àṣìṣe náà ṣe. Mo bá a lọ, mo sì jókòó tì í. Ọkùnrin tó jẹ́ alága gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Ẹ má bínú. Àwọn olùkọ́ wa ti mọ ètò yín. Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọn ò ṣe fẹ́ ẹ." Ingelise ní, "Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? A ò tíì gbé e jáde." Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì gbé àdàkọ kan lé e lọ́wọ́. Ètò ti Amẹ́ríkà ni wọ́n mú.

Lọ́jọ́ kejì, Ingelise pe gbogbo wa jọ. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ebbe Grønbech jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ingelise ti yẹ inú àdàkọ náà wò, ó sì ti rí nọ́ńbà karùn-ún, ti Torkild. Torkild ò bá a jiyàn. Ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ nígbà náà pé ó sọnù. Mo rò pé inú rélùwéè ni mo gbàgbé rẹ̀ sí." Lóòótọ́ ló ti sọ. Ingelise sì ti dárí jì í nígbà yẹn, ó ti fún un ní òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́yà gbé sítáǹbù kan sórí tábìlì. Wọ́n ti yẹ dúrọ́ọ̀ Torkild wò kó tó dé. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Mejdahl, àwọn aṣàdàkọ nìkan ló ń fi gọ́ọ̀mù pa sítáǹbù. Báwo ni tiwọn ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?" Ara Torkild balẹ̀. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Á à, ìyẹn? Vagn ló fún mi. Vagn, sọ fún wọn." Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, "Mi ò rántí." Ó ní, "Vagn. Mo ní ó ń dán bí ojú ẹja, o ní òjò ni. O ò rántí?" Mo ní mi ò rántí. Ìbínú kọ́ ni mo rí lójú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó wá fọwọ́ nu iwájú orí. "Bóyá èmi ni mo ṣì í mú," ló wí. "Bóyá ibòmíràn ni mo ti rí i. Ẹ má bínú, ó dà bíi pé orí mi ò pé mọ́." Ó bu ọwọ́ lu ìwé tí lọ́yà tẹ́ síwájú rẹ̀ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó to pẹ́ńsù mẹ́rin náà sínú báàgì, ó sì lọ.

Ẹ rò pé mo ti dé ibi tó burú jù. Ó kù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó mi kú láìgbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo jí dísìkì náà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì là ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná pa pọ̀ láàárọ̀, ẹni tó bá kàn ló máa rà á. Torkild dé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ gbà mí, mi ò rí dísìkì mi. Mo fi í sínú báàgì lánàá, ó dá mi lójú. Mo ṣí báàgì nílé, kò sí." Mo dìde, mo ní jẹ́ kí n bá ẹ wá a. Dísìkì náà wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù mi tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, èmi àti ẹ̀ jọ wọ abẹ́ tábìlì, orí wa tiẹ̀ kọ lu ara wọn, ó sì ní, "Pẹ̀lẹ́, Vagn." Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, "Mo fi í sínú báàgì. Mo fa síìpù. Mo mọ̀ pé mo fa síìpù." Mo rí i pé bó bá ń sọ ọ́ báyìí lọ, ẹnìkan á béèrè pé ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà. Mo bá ní, "Torkild, o ò ṣí báàgì rárá nínú rélùwéè?" Ó ní òun ṣí i, òun mú ìwé ìròyìn. Mo ní, "Ó dáa, ṣé kì í ṣe pé o yọ ọ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, tí o gbé e sórí àga, tí o gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀?" Ó ní rárá. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ lánàá, mo rí i. Rò ó dáadáa." Ó tún fọwọ́ wá ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, ó wá ní, "Bóyá." Rélùwéè tí ẹ kọ sínú ìwé yín, Torkild kọ́ ló mú un wá. Èmi ni mo fi sí i lórí.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa pa nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án. Ingelise lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Horsens. Èmi, kò pé oṣù méjì tí mo fi ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ètò àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ingelise dùbúlẹ̀ àìsàn, mo lọ wò ó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe Torkild tó fi ṣe mí báyẹn." Mo bu omi fún un mu. Mo bá wọn gbé pósí rẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé pósí náà nìyẹn, mi ò ya ẹnu.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, lẹ́yìn tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lemvig. Ibẹ̀ ni Torkild kó lọ. Itẹ́ òkú ìjọ kan ló ń tọ́jú kó tó fẹ̀yìn tì, kò tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ láyé rẹ̀. Bodil ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo rí ìwé pélébé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà: Kọ́kọ́rọ́. Sítóòfù. Pọ́ọ̀sì. Omi. Bodil rí i pé mò ń wò ó. "Ọkọ mi ló kọ ọ́," ló wí. "Kì í ṣe ọjọ́ ogbó o. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí a bá ń jáde, á padà wá wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ-ọmọ wa sílẹ̀ fún òun nìkan rí. Ó ní òun lè lọ gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ síbì kan." Torkild fúnra rẹ̀ jáde láti inú ọgbà. Ó dá mi mọ̀. "Vagn! O ti gbẹ o. Ṣé wọn ò fún ẹ lóúnjẹ ní Silkeborg ni?" Mi ò jẹ́ kó kí mi tán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tí mo parí, mo ń retí kó lù mí. Ó ní, "Inú báàgì ló wà?" Mo ní, "Inú báàgì ni." "Àpò inú?" "Àpò inú." "Mo fa síìpù ẹ̀?" "O fà á dé ìdí." Ó yíjú sílé, ó pariwo, "Bodil! Bodil, wá gbọ́! Mi ò gbàgbé ẹ̀! Inú báàgì ló wà, mo fa síìpù ẹ̀!" Ó sì bú sẹ́kún. Bodil jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó rin fún omi, ó wò mí. Ó ní ọdún méjì gbáko ni Torkild fi ń lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù tó sọnù sí ní ibùdókọ̀ Aarhus, lóṣooṣù, tí ọkùnrin ibẹ̀ fi ń pè é lórúkọ. Mo ní, "Torkild, dákun, dárí jì mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìpàdé yẹn, àbí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ lọ́dún kan, ó gbọ́ ọ, kò padà lọ mọ́. Kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí o bá ṣì wà láyé, wá béèrè." Wọn ò fi kọfí lọ̀ mí. Mo rìn padà síbi bọ́ọ̀sì.

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mi ò ní máa wàásù àdàkọ fún yín, ẹ̀yin náà mọ èyí tó dára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé bí ẹnìkan bá ní kí ẹ jẹ́rìí òun, tí ẹ sì rántí, ẹ má sọ pé ẹ ò rántí. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo gbà lọ́wọ́ Torkild, mo rò pé orúkọ ni. Orí ara rẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ títí ó fi di arúgbó. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí, bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà, ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n Merete, ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́, mo rí i pé o ti gbé bírò sílẹ̀. Gbé e padà. Kọ ọ́ kí n tó dìde níbí pé Torkild Mejdahl fi dísìkì rẹ̀ sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀, Vagn Damsbo ló jí i. Nọ́ńbà fóònù ilé wọn ní Lemvig nìyí, Bodil ló fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Pe Torkild báyìí, níṣojú gbogbo èèyàn, kí o sì kà á sí i létí.